Ohun Tí Kẹ́misọ́lá Rì Sínú Gààrí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rù ṣe ń ba ìyá ọlọ́mọ tó, ẹ lọ wò ó níbi tó ti ń di ẹrù. Kẹ́misọ́lá, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nílé tí a jọ háyà ní Ìkòsí, ti tú báàgì rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ ọjọ́ tí a ó gbéra tó mọ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré la fẹ́ lọ lò ní ibùdó ìjọ wa lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tí tìyá tọmọ ti máa ń sùn sórí ẹní nínú àgọ́ gbọọrọ ní oṣù Kejìlá ọdọọdún.

Àlùbọ́sà ló ń tà ní Mile 12, ó sì mọ ẹrù dì. Ó di ata díndín tí omi rẹ̀ ti gbẹ tán kó má baà kan, ẹja díndín, búrẹ́dì, ṣinṣín fún Damaris ọmọ ọdún mẹ́rin, àti gààrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ṣúgà.

"Aunty Súmbọ̀, ẹ má gbé ìkòkò ńlá o," ló wí fún mi. "Oúnjẹ tí ọmọ lè jẹ láìdáná ni kẹ́ ẹ gbé."

Èmi ọlọ́gbọ́n ayé, mo gbé ìkòkò ńlá, mo sì gbàgbé gààrí.

Kì í kúkú ṣe oúnjẹ ló ń já a láyà. Tóbi, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ní ásímà. Bí eruku bá ti kó sí i nímú, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, àfi kí wọ́n yára fín ínhélà sí i lẹ́nu. Eruku ibùdó wa nígbà ọyẹ́ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n Màmá, ìyá Bọ̀wálé ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá ń bá wọn gbé, kò fẹ́ rí ínhélà náà nínú ẹrù ibùdó. Lọ́dún tó kọjá, ìṣojú mi ni wọ́n ṣe yọ ọ́.

"Ìyá Tóbi, ibi tí à ń lọ gba ìwòsàn lo fẹ́ gbé oògùn lọ? Ìgbàgbọ́ wo lo wá ní?"

Bọ̀wálé kò dá sí i. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀, inú fóònù ló máa ń wò. Lọ́dún náà, kò sí ohun tó ṣe ọmọ, Màmá sì dìde jẹ́rìí sí i nínú ìjọ. Kẹ́misọ́lá kò sùn fún òru mẹ́ta, ẹnì kan kò sì fi ìyẹn jẹ́rìí.

Lọ́dún yìí, ó ta ọgbọ́n. Ó fi ọ̀rá wé ínhélà, ó rì í sí àárín gààrí, ó sì so ẹnu àpò náà pinpin. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún èmi náà. Ìgbà tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán ni mo tó mọ̀. Gààrí ló yàn nítorí pé Màmá kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí àwọn ríran dáadáa. Ó mọ ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ kì í jẹ, kò rántí pé wọ́n lè fi tọrẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ń ráhùn lórí ẹní mi pé igi tútù kò jẹ́ kí ìrẹsì mi jinná, ebi sì ń pa àwọn ọmọ mi. Kẹ́misọ́lá ti mú Damaris lọ tọ̀. Màmá bá fa àpò gààrí yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Súmbọ̀, gbà. Ta ló fẹ́ jẹ èyí tán?"

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo tì í mọ́ inú àpótí mi, nítorí olè ibùdó kò bẹ̀rù Ọlọ́run, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Tóbi fi ti ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù dé, ọwọ́ láyà. Kẹ́misọ́lá ní òun gbọ́ súfèé náà kí òun tó rí ọmọ. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, kò bá gààrí. Ó da gbogbo ẹrù sílẹ̀, ẹja bọ́ sínú iyanrìn.

"Màmá, gààrí dà?"

"Gààrí kẹ̀? Ọmọ ò lè mí, gààrí lò ń wá?"

"Ínhélà ẹ̀ ló wà nínú gààrí!"

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ibùdó tó ìrìn ogún ìṣẹ́jú. Mo kàn ṣàdédé rí Màmá, ẹni àádọ́rin ọdún, láìwọ bàtà, gèlè ti já sílẹ̀: "Súmbọ̀! Kọ́kọ́rọ́!" Mo ju kẹ́ẹ̀gì nù, a sáré. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú àpótí lódìlódì. Kẹ́misọ́lá já a gbà lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó da gààrí sórí ẹní. Ètè Tóbi ti ń dúdú. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí ọmọ yìí bá kú, inú àpótí mi ló kú sí.

Ìyá rẹ̀ tú ọ̀rá náà, ó fín in sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un fín. "Fà á sínú, ọkọ mi. Fà á." Ó pẹ́ kí súfèé náà tó rọlẹ̀. Nígbà tí Tóbi béèrè omi, mo tọrọ ife kan lórí ẹní kejì fún un.

Mo ń retí kí Màmá bú ẹnìkan. Wọ́n jókòó sórí gààrí tó dànù, wọ́n tú ìṣẹ́tí ìró wọn, wọ́n sì mú páálí oògùn kan jáde, tí wọ́n ti lo ìdajì rẹ̀.

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru mi nìyí. Ọdún kẹrin rè é tí mo ti ń gbé e wá síbí. Lọ́dún tó kọjá tí mo yọ ti ọmọ yìí, mo lo tèmi láàárọ̀, mo lò ó lálẹ́."

Kẹ́misọ́lá ń fọwọ́ gbọn gààrí kúrò ní irun Tóbi.