Iná tí Séverin Gbà Sọ́rùn

Séverin kì í sá eré àsápajúdé. Àwọn aboyún Kpingni tó ń lọ sí Dassa a máa dúró de ọkọ̀ rẹ̀, kódà bí ọkọ̀ mìíràn bá ṣófo níwájú wọn. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni. Èmi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ́ ọ níwèé.

Lọ́dún yìí, ìjọba ní kí gbogbo awakọ̀ èrò gba ìwé àṣẹ tuntun, àti pé ẹni tí kásíè rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́, bá fi hàn pé wọ́n ti dá a lẹ́bi rí kò ní rí i gbà. Ti Séverin kò mọ́. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, iná tí ilé wa fi ń dẹ ọ̀yà lẹ́ẹ̀rùn jó oko kajú olóko ráúráú. Ó ní òun ló ṣáná sí i, ó sì ṣẹ̀wọ̀n.

Mo bá a lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ náà. N kò bẹ ẹnikẹ́ni rí, n kò sì lọ láti bẹ̀. Ọkọ mi, Ignace, àgbà ọdẹ ilé wa, tẹ ọ̀pá tẹ̀lé wa.

Gbọ̀ngàn kún fún awakọ̀. Claudine, akọ̀wé tó ń gba ìwé, gbé ohùn sókè: "Ẹ̀yin lẹ sun oko?"

"Séverin, má ṣáná síbí o!" ni awakọ̀ kan ké. "A ṣì fẹ́ délé!"

Òmíràn ní, "Àbí ọ̀yà ló fẹ́ máa fọkọ̀ kó?"

Ẹ̀rín bo gbọ̀ngàn. Séverin tẹrí ba.

Mo ní, "Ọmọbìnrin, ó ti ṣẹ̀wọ̀n náà tán. Èwo lẹ tún fẹ́ kó ṣe níhìn-ín?"

"Ẹ má bínú, Màmá, òfin ni. Ṣé òun nìkan ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Dáhùn, Séverin."

"Tántì, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ṣé o ò lẹ́nu ni?"

Ó ṣíjú wo ọkọ mi, ó sì tètè gbójú kúrò. Ìgbà náà ló yé mi. Nílé wa, àgbà ọdẹ nìkan ló ń ṣáná sí ìgbẹ́. Ọmọdé kì í fọwọ́ kan ìṣáná níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í dárúkọ àgbà fún ẹni tó fẹ́ mú un lọ.

Ọkọ mi dìde. "Èmi ni mo ṣáná. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá jàǹdáàmù dé, ọmọ yìí ní òun ni. Mo dákẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Séverin rọra wí pé, "Bàbá, ẹ ì bá má sọ ọ́."

"Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè yí i padà," ni Claudine wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Títí dìgbà náà, Séverin kò gbọdọ̀ gbé èrò."

Séverin ló fi ọkọ̀ gbé wa padà. Ó ṣílẹ̀kùn fún ọkọ mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Èmi tí n kì í wolẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ọkọ̀ ni mo ń wò títí a fi dé ìkóríta Kpingni. Aboyún kan nawọ́ sí wa níbẹ̀.

Séverin dúró. "Ẹ má bínú, ìyá. Ọkọ̀ ti bàjẹ́."

Ẹ́ńjìnnì sì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ wa. Séverin tún ń bò wá láṣìírí.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì sọ fún obìnrin náà lójú ọkọ mi pé ọkọ̀ kò bàjẹ́, pé ọkọ mi ló ṣáná, Séverin ló ṣẹ̀wọ̀n.