Àgbẹ̀ Tábà Tí Kò Ra Sìgá Rí

Blagoja ò ra sìgá rí láyé ẹ̀. Bó ti lajú sáyé ni tábà ti yí i ká: bàbá ẹ̀ ń gbìn ín, bàbá bàbá ẹ̀ gbìn ín, gbogbo abúlé wọn, tí kò jìnnà sí ìlú Prilep, orí ewé náà ni wọ́n ti ń jẹ, owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbéyàwó, owó ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń sìnkú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó kọ́kọ́ yọ́ ewé kan mú nínú àká, tó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó fi ìwé ìròyìn wé e. Bàbá ẹ̀ ká a mọ́ ibẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ọkùnrin náà ò nà án. Ó kàn gba sìgá náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ewé ìsàlẹ̀ lo mú, òpè. Tòkè ló dùn."

Láti ọjọ́ yẹn, àádọ́ta ọdún gbáko, ewé òkè ni Blagoja ń fà. Tó bá rí ẹni tó ń ra páálí sìgá ní ṣọ́ọ̀bù, á mi orí bí ẹni tó rí àgbẹ̀ tó ń ra iṣu jẹ.

Dosta ìyàwó ẹ̀ ò fa nǹkan kan. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa fi abẹ́rẹ́ gígùn sín ewé sí okùn, láti ìdájí tí wọ́n bá ti ká a dé títí oòrùn á fi mú. Ogójì ọdún ló fi sín tábà. Eruku ewé ń wọ̀ ọ́ nímú, èéfín ọkọ ẹ̀ ń wọ̀ ọ́ nímú, àwọn méjèèjì jọ ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́, tó fi di pé tó bá rìn láti orí ibùsùn dé ilé ìdáná, á jókòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èwo ló jẹ̀bi jù nínú eruku àti èéfín? Dókítà ò sọ. Blagoja náà ò bèèrè, torí ó mọ èsì tó ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tí òtútù ọdún yẹn ń kásẹ̀ nílẹ̀, nọ́ọ̀sì Žaneta gbé ẹ̀rọ kan wá látọ̀dọ̀ ìjọba, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí Dosta nímú. Ẹ̀rọ náà ń kùn, afẹ́fẹ́ ń jáde. Kò tó wákàtí kan, ètè Dosta tó ti dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Blagoja fẹ́ bú sẹ́kún, ó díbọ́n pé ikọ́ ni. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ò tíì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò mí dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rọ́bà yìí, tí iná bá kàn án pẹ́nrẹ́n, gbogbo yín lẹ máa jóná. Kò gbọdọ̀ sí sìgá nínú ilé yìí mọ́. Kò gbọdọ̀ sí òórùn ẹ̀ lára aṣọ yín. Ọjọ́ tí mo bá gbóòórùn ẹ̀, mo máa yọ ẹ̀rọ mi, mo máa gbé e fún ẹlòmíì. Àwọn tó ń dúró dè é pọ̀."

"Ẹ ó wá yọ ọ́ nímú ìyàwó mi?"

"Ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́, kì í ṣe èmi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Blagoja fi gbìyànjú láti jáwọ́ nínú sìgá láìfi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ó bá ẹnu ọ̀nà jà. Ọjọ́ kejì, ó bá adìẹ jà. Ọjọ́ kẹta, ó bá Dosta jà nítorí ọbẹ̀ ẹ̀wà tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Dosta bá rí ibi tó ti lè rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Rodna, ẹ lọ fà á jàre. Ẹ lọ fà á, kí n tó kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi, èmi àti ẹ̀rọ mi." Blagoja lọ sí etídò, ó fà á, ó fi omi bọ ẹnu àti ọwọ́. Ìgbà tó wọlé, Dosta wúkọ́ títí ojú ẹ̀ fi yọ síta. Àánú ẹ̀ ṣe Blagoja, ìtìjú tún bò ó mọ́lẹ̀.

Rodna, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó ń rán ṣòkòtò ní ilé iṣẹ́ kan ní Prilep, ló ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ra sìgá oníbátìrì, èyí tí kì í jó." Ó fà á wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kun èékánná láwọ̀ ewé, ó gbé nǹkan kan jáde tó jọ pọ́ǹpù táyà kẹ̀kẹ́.

"Èyí ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Bàbá."

"Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Mo ti ń fa tábà kí wọ́n tó bí ìyá ẹ!"

"Nínú sìgá, àgbà ni yín. Nínú eléyìí, ọmọ jòjòló ni yín. Ẹ jókòó kí n kọ́ yín."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Ẹ̀rọ náà, ẹgbẹ̀rún méjì dénárì, owó ilẹ̀ wọn, ó lé díẹ̀. Blagoja ní ó tán. Kò tán. Omi tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta ni ìgò kékeré kan tí kò tó àtàǹpàkò. Wáyà inú ẹ̀ tó ń gbóná ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló ń lò, ẹ gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Blagoja ò mọ owó ṣírò bí ò bá jẹ́ pẹ̀lú kílò ewé. Ó ṣírò ẹ̀, kílò mẹ́sàn-án tábà rèé lórí káńtà, kí òun tó fà á lẹ́ẹ̀kan péré.

"Wọ́n rà á lọ́wọ́ mi ní ọ̀pọ̀ yanturu," ló wí, "wọ́n wá ń ta omi ẹ̀ fún mi ní ṣíbí-ṣíbí!"

"Bàbá, ẹ má pariwo. Èmi ni mo máa san án," ni Rodna wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún jù. Kí ọmọ tó ń ti abẹ́rẹ́ bọ ṣòkòtò oníṣòkòtò láti àárọ̀ dalẹ́ máa ra èéfín fún bàbá ẹ̀! Ó búra nínú ara ẹ̀ pé lẹ́yìn tòní, kò tún ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan kì í ṣàì san owó ẹ̀kọ́. Obìnrin yẹn sọ fún un pé tó bá rọ omi sí i, kó dúró kí òwú inú ẹ̀ mu omi kó tó fà á. Blagoja dúró kẹ̀? Ó rọ ọ́, ó fà á lójú ẹsẹ̀, òwú jó, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ kún fún òórùn àkísà tó ń jó, wáyà bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ó ra òmíràn. Omi tó rà ò lágbára, ó wá ń fà á láìsinmi bí ọmọ tó ń mu ọmú tí kò ní wàrà, ìgò kan ò lò ju ọjọ́ méjì lọ. Ó ra èyí tó le. Èyí tó le wọ́n jù. Owó ata tí wọ́n tà lóṣù kẹfà, inú ìgò kéékèèké ló bá lọ.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ó ṣiṣẹ́. Kò fọwọ́ kan sìgá mọ́. Nọ́ọ̀sì ní oníbátìrì náà ò gbọdọ̀ dé ìtòsí ẹ̀rọ Dosta, nítorí náà inú àká, lódìkejì àgbàlá, ló ti ń fà á. Nígbà tí Žaneta padà wá, ó fi imú fa aṣọ Blagoja, ó bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ ń ta sánsán bíi súìtì." Dosta ti ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, rọ́bà ẹ̀ gùn dé ibi àtẹ̀gùn. Ó ń bó ata níbẹ̀, ó sì ń fi Blagoja ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọ̀nà jíjìn: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wo ọkọ mi, ó ń fa súìtì!" Ó ti pẹ́ tí ilé náà ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn. Ìyẹn gan-an ni Blagoja ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Gbogbo ibi tí Blagoja bá jókòó sí, owó omi ló ń sọ. Rodna á pè é lórí fóònù, á ní, "Bàbá, omi yín ńkọ́? Ṣé ó kù?" Blagoja á ní, "Ó kù rẹpẹtẹ." Irọ́ ni. Ìgò ti gbẹ látijọ́ mẹ́ta, ó sì ti ń wo àwọn ewé tó so rọ̀ sókè àká bí ẹni tí ebi ń pa.

Ibẹ̀ ni èrò burúkú náà ti wá. Kí ni wọ́n fi ṣe omi yìí? Tábà. Ta ló ń gbin tábà? Ó gbé ìkòkò kaná lẹ́yìn àká, ó se ewé òkè títí omi ẹ̀ fi dúdú, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó tún un sè kó lè ki, ó pò ó mọ́ gílísẹ́rìn tí Dosta ń fi pa ọwọ́. Dosta bèèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí ló ń sè. Ó ní oògùn kòkòrò ni, fún ata. Tsvetan aládùúgbò wọn, tí oko tiẹ̀ wà lókè, bá a níbẹ̀, ó sì rí i tó ń rọ ọ́ sínú oníbátìrì.

"Blagoja! Omi yẹn náà la fi ń pa kòkòrò o! Ìyá ẹ fi ń pa eégbọn ara màlúù!"

"Ṣé èmi ni eégbọn?"

"O ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù ú lọ bó o ṣe rò."

"Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń fà á, Tsvetan. Ohun tó fẹ́ pa mí nínú ẹ̀ ti bínú lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Blagoja fà á, ojú ẹ̀ kún fún omi, kì í ṣe ti ìrora: ewé òun ni, ó mọ ibi tó ti hù. Orí ń fọ́ ọ díẹ̀, ó ní oòrùn ni. Ó lo ti àkọ́kọ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan kan ò ṣe é. Ìyẹn ló fi gbóyà se èkejì, ó sì jẹ́ kó ki jù ti tẹ́lẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lóṣù kẹjọ, òjò rọ̀ mọ́jú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ká tábà rí mọ̀ pé ewé tútù burú: oje ẹ̀ ń gba awọ ara wọlé, á máa kọ́ èèyàn lóòyì, á sì máa mú un bì. Ẹni tó lọ́gbọ́n á dúró kó gbẹ. Ṣùgbọ́n Blagoja nìkan ló ń ká a lọ́dún yẹn, ewé sì ń gbó. Ó ká a láti ìdájí, aṣọ ẹ̀ rin gbindin, ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún oje. Kò jẹun. Nígbà tó dé àká, ó jókòó lórí àpótí, ó fa omi tuntun yẹn kíkankíkan, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Òógùn tutù bò ó. Ọkàn ẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú àpótí, ó ń bì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń já pàtìpàtì lórí ilẹ̀.

Dosta gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá Rodna!" Ó tún pariwo: "Bàbá Rodna, kí ló ṣubú?" Nígbà tó yá ló pe orúkọ ẹ̀ gan-an, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti bí Rodna: "Blagoja!" Gbogbo abúlé wà lóko. Fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé wà nínú àpò ṣòkòtò Blagoja.

Blagoja rí Dosta lẹ́nu ọ̀nà àká. Imú ẹ̀ ṣófo. Kò sí rọ́bà. Ó di òpó mú, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́rùn, ètè ẹ̀ ti dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀. Blagoja fẹ́ sọ pé, padà, jọ̀ọ́, padà sílé. Ahọ́n ẹ̀ ò gbé e. Dosta fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èébì má baà dí i lọ́fun, ó tọwọ́ bọ àpò ẹ̀, ó pe Tsvetan. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló lè sọ: "Àká. Blagoja." Ó wá jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọkọ ẹ̀ sórí itan. Kò lágbára àtipadà mọ́. Ohun tí Blagoja gbọ́ gbẹ̀yìn ni èémí ẹ̀ tó ń já lókè orí òun, ó ń já, ó ń já.

Ọsibítù ló ti lajú, ní ọjọ́ kejì. Rodna wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó wọ dúdú látòkè délẹ̀. Blagoja rí aṣọ náà, ó yíjú sí ògiri.

"Tsvetan sáré," ni Rodna wí. "Láti oko òkè ló ti sáré bọ̀. Ó ní Màmá ṣì jókòó nígbà tí òun dé, ọwọ́ wọn sì wà lójú yín, bíi pé wọ́n fi ń lé eṣinṣin. Àmọ́ wọn ò mí mọ́."

Blagoja ké. Ó ké bí ọmọdé, ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì gbé aṣọ borí. Ó ní òun ló pa á. Ó ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá. Rodna jẹ́ kó ké títí tó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá yọ ìgò kékeré kan nínú àpamọ́wọ́ ẹ̀, èyí tí omi dúdú ṣì kù nínú ẹ̀.

"Dókítà bèèrè pé kí ni. Tsvetan ti sọ fún wọn. Mò ń bi yín léèrè gbogbo ọ̀sẹ̀, Bàbá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń bi yín. Ẹ bá sọ fún mi pé ó tán, ǹ bá rà á."

"Ojú ló tì mí."

"Ojú tì yín?"

"Láti máa tọrọ owó èéfín lọ́wọ́ ọmọ mi. Ojú tì mí, Rodna."

Rodna ò bínú, ìyẹn ni ò ṣeé fara dà. Ó rọra gbé ìgò náà sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó so ìborí orí ẹ̀ le, ó ní Tsvetan ń dúró de òun nísàlẹ̀, àwọn fẹ́ lọ wo pósí.