Fíláàṣì Kan láti Ọjà Olúwo

Mo rántí ọ̀sán tí àwọn ọkọ̀ kó yìnyín kún, tí wọn ò sì lè jáde ní géètì. Ilé iṣẹ́ yìnyín kan ni, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Ìkòròdú. Mo ti dàgbà kí n tó kàwé, ìyẹn ni mo ṣe rò pé mo mọ kọ̀ǹpútà ju ẹni tó ṣe é lọ. Èmi ni mò ń tọ́jú èyí tó tóbi jù níbẹ̀.

Nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ojú kì í rí. Wọn kì í ṣe ènìyàn. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n. Ọ̀kan á gba ohun tí àwọn oníbàárà Ẹ̀pẹ́ béèrè, á gbé e sí àyè kékeré kan tí òun àti èkejì jọ ń lò, á sì ta èkejì lólobó. Èkejì á kó o níbẹ̀, á tẹ ìwé tí ẹ̀ṣọ́ fi ń ṣí géètì. Bí àyè náà bá kún, ẹni àkọ́kọ́ á dúró.

Èmi àti ìyàwó mi náà ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ẹja tútù ló ń tà l'Ọ́jà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Bí yìnyín bá dé, á fíláàṣì mi: fóònù mi á dún lẹ́ẹ̀kan, á gé e. Mi ò gbọdọ̀ gbé e, kí káàdì má baà jó.

Lọ́jọ́ yẹn, ó pè gan-an.

"Bàbá Ìbejì, ẹja ti ń rọ̀ o. Gbogbo ohun tá a ní ló wà nínú agbọ̀n yìí. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa fẹnu fẹ́ ẹ ni?"

"Yóò dé."

"Yóò dé, yóò dé. Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀ ni?"

Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi. "Pa gbogbo ẹ̀, kó o tún un tàn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ohun tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ béèrè ṣì wà nínú àyè yẹn. Bí mo bá pa á, á parẹ́."

"Ẹja ò mọ ìyẹn o!"

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a máa jẹ́ ẹ fún. Bóyá òwe yẹn ló tàn mí: òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ń ránṣẹ́, nìkan ni mò ń wò. Mo rí i tó dúró, mo pè é lọ́lẹ. Ó ku díẹ̀ kí n pa á, ni mo bá wo èkejì. Èkejì ti kú láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún àkọ́kọ́. Àyè ti kún, ó dúró jẹ́ẹ́, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbé òmíràn dìde sípò òkú. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, géètì ṣí. Mo gbé fóònù sórí itan, mò ń fọkàn bá àwọn ọkọ̀ náà lọ: Ìtamàgà, lẹ́yìn náà ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tó gùn. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, tó dákẹ́. Mi ò gbé e.

Ìyàwó mi ò sí láyé mọ́. Àwọn ọmọ ní kí n máa gbé fóònù kúrò lórí itan nígbà tí mo bá ń jẹun. Ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé e sí, bí ẹni tó ń retí fíláàṣì kan. Mo ti pe ẹni tó ń dúró lọ́lẹ rí.