Apátí Ìbọn Ọ̀gá Ògúnsànyà

Àwọn baba Akíndúró kì í fi irin ṣeré. Nínú ilé àgbẹ̀dẹ tí ó ti kọ́ṣẹ́ ní Ìdànrè, ẹni tó bá kọjú ìbọn sí ènìyàn, ì báà jẹ́ òfìfo, yóò fi ahọ́n kan irin, yóò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ògún. Ṣùgbọ́n Bódìjà kì í ṣe Ìdànrè. Géètì ni Akíndúró ń ṣọ́ níbẹ̀, yàrá kan lẹ́yìnkùlé ọ̀gá rẹ̀ sì ni òun àti Ìrètíolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀ aláìníyàá, ń gbé.

Ọ̀gá Ògúnsànyà, agbaṣẹ́ṣe tó ti fẹ̀yìn tì, ra ìbọn ìléwọ́ tuntun, oníhò mẹ́fà. Apátí rẹ̀ le koko. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá a na ìbọn náà sí iwájú orí Akíndúró, a fi gbogbo agbára fa apátí, irin a sì dún "kẹ́."

"Àgbẹ̀dẹ, o ṣẹ́jú!"

Àdúrà kan ṣoṣo ni Akíndúró ní: kí ọmọ òun má rí i. Bí ó bá ti gbúròó ọ̀gá, á rán an lọ pọnmi.

Nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ti ń gbọ́n. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?"

"Líle tó le ni mo ṣe ń fi ọ́ kọ́wọ́," ni ọ̀gá wí. "Mú un rọ̀ fún mi. Kí ni n óò tún fi ọ́ ṣe?"

Akíndúró gbà á gbọ́. Ó tú ìbọn náà sórí àpò ìrẹsì, ó fi kẹrosíìnì fọ gírísì rẹ̀, ó sì ń fi ayùn irin ha ibi tí irin ti ń họ irin títí ó fi jọ̀lọ̀. Ì bá ṣe é gbàgẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbẹ̀dẹ kò mọ bí a ti ń rẹ́ irin jẹ. Nígbà tó dojú rẹ̀ kọlẹ̀ tó fi ọmọńdinrín fa apátí, inú rẹ̀ dùn.

Ọ̀gá gbé ìbọn náà wọlé lọ. Nígbà tó jáde, àwọn àlejò rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O káre, Àgbẹ̀dẹ! Ó rọ̀ débi pé ọmọdé lè fà á. Àbí irọ́ ni? Ìrètí!"

Ọmọ náà sáré dé, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà, ṣé kò sí ọta níbẹ̀?" ni Akíndúró bèèrè.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ náà lo ń bẹ̀rù?" Ọ̀gá ki ìbọn bọ ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì yí i kọjú sí baba rẹ̀.

Bí Akíndúró bá kọ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ yóò sùn níta. Bí ó bá sá, ọmọ rẹ̀ yóò rí i tí baba ń sá fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Fà á, Ìrètí mi. Eré ni."

Kẹ́.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá fún ọmọ náà ní bisikíìtì, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò wò ó. Ìrètí tún ti na ìbọn sí iwájú orí baba rẹ̀ bí ọ̀gá ti máa ń ṣe, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ ṣẹ́jú, Àgbẹ̀dẹ!"