Màmá Tó Ń Fura sí Ampilifáyà Mi

Ẹ̀yìn ọwọ́ ni màmá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Angwan Rukuba fi ń yẹ ampilifáyà gìtá mi wò, bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. Bí ìsìn àkọ́kọ́ bá ti parí, wọn á pa á.

"Màmá, títàn sílẹ̀ ò bà á jẹ́. Pípa ṣáá yìí ni ò dáa fún un."

"Haba! Ohun tó ń gbóná láìṣiṣẹ́, nǹkan kan ń jẹ ẹ́ nínú." Wọn á wá wò mí bíi pé èmi ni nǹkan ọ̀hún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo tètè dé. Ampilifáyà ti wà ní títàn. Màmá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni ń yáná.

"Mò ń bá ẹ ṣọ́ ọ ni," ni wọ́n wí, wọn ò wojú mi.