Ọjọ́ Tí Kẹ́hìndé Rán Táíwò Sójú Títì

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí Kẹ́hìndé mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, rán Táíwò, ìkejì rẹ̀, sójú títì ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Mo ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tí Kẹ́hìndé rí bọ́ọ̀lù kan lódìkejì. "Táíwò, lọ mú un wá!" Táíwò sáré. Díẹ̀ ló kù kí Marúwá gbá a.

Mo fà á padà, mo gbọ́wọ́ sókè sí Kẹ́hìndé, àmọ́ oníbúrẹ́dì dì mí mú: "Ìyá Ìbejì, a kì í na ìbejì! Ẹ bẹ̀ ẹ́ ni."

Kẹ́hìndé ní, "Ṣebí Màmá Àgbà ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, kí n máa rán an níṣẹ́."

Ó sú mi. Mo fi ọwọ́ Táíwò lé e lọ́wọ́: "Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n nìyí. Dì í mú."

Láti ọjọ́ yẹn, Táíwò máa ń ké létí títì pé ọwọ́ ń dun òun. N kò bẹ Kẹ́hìndé rí pé kó dẹwọ́.