Irun Màámi Nínú Ọ̀rá Dúdú

Ìka obìnrin kan ni mo ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí tí mo bá ń fà á gùn, màá wá àwáwí sí i.

Onídìrí ni. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú ilé kan náà lẹ́yìn òkè Màpó, òun ló sì ti ń di irun màámi kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí màámi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, dókítà sọ fún wa pé oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára lè mú kí irun rẹ̀ re. Mi ò rí i kó re. Gèlè kì í kúrò lórí màámi, ìbáà sùn, ìbáà jí. Mo rò pé tiwa yàtọ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bẹyẹrunka, mo bá wálé. Mo pàdé onídìrí ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rá dúdú wà lábíyá rẹ̀. Mo fa ẹnu ọ̀rá náà ya. Irun ni. Àdí àgbọn tí màámi máa ń fi pa orí ṣì ń rùn lára rẹ̀.

Lásìkò yẹn, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pé wọ́n ń jí irun àti pátá lọ fi ṣoògùn owó. Mo ní mo ti rí ohun tó ń mú màámi rù.

"Ta lẹ fẹ́ lọ tà á fún?"

"Fi mí sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí."

Mo gbá a létí. Ó ṣubú lu ògiri, kò fi ọ̀rá sílẹ̀. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo tún gbá a, ẹ̀jẹ̀ bọ́ nímú rẹ̀. Mo wá ń tú ìka rẹ̀ lára ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Méjì dún. Mo gbọ́ ọ. Mo ṣì ń tú u.

Àwọn ọmọ àdúgbò ti dé.

"Kí ló ṣe?"

"Irun la bá lọ́wọ́ ẹ̀," mo dá wọn lóhùn.

Ọ̀kan fi pákó nà án lẹ́sẹ̀. Òmíràn ń yí táyà bọ̀. Mo rí táyà náà, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Ìgbà náà ni màámi jáde. Kò wé nǹkan kan. Orí rẹ̀ ti pá, àfi ìwọ̀nba irun díẹ̀ lẹ́bàá etí.

"Èmi ni mo ní kó máa bá mi ṣà á lórí ìrọ̀rí láràárọ̀, kó lọ bò ó mọ́lẹ̀, kí ìwọ má baà rí i. Mo mú un búra." Ó kọjú sí onítáyà. "Gbé táyà ẹ, kó o máa lọ."

Onídìrí sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ṣáà ní ká sọ fún un."

Nígbà tí ìtọ́jú parí, irun hù padà, ó funfun, ó rọ̀ bí ti ọmọ ìkókó. Onídìrí pọ̀ ní Ọjà'ba, màámi kò lọ. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìka méjì yẹn kò ká mọ́, kò lè ya irun. Mo ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà, kì í dá mi lóhùn. Ọjọ́ yẹn ló pè mí.

"Ìwọ tó o ṣẹ́ ẹ, wá yà á."

Ó na òòyà sí mi. Mo tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ agbárí màámi.

"Rọra. Kì í ṣe irin."

Ìlà tí mo yà wọ́. Ó di irun náà tẹ̀lé e bó ṣe wọ́, màámi sì gbé e lọ sí Bẹẹrẹ láìwé gèlè.